Ilà Mẹ́ta Tí Mo Fi Kún Ojú Màámi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà a máa wá bá mi, wọn a ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí àwọn èyí tí ẹ kọ́kọ́ yà." Mo máa ń dá wọn lóhùn pé omi ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lọ́dún tí àgbàrá wọ ilé wa. Irọ́ ni. Àgbàrá wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí àwọn àwòrán náà wà. Wọ́n wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi títí dòní, ìwé mẹ́sàn-án, gbogbo bébà wọn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ojú ló ń tì mí láti fi wọ́n han ẹnikẹ́ni, mo sì fẹ́ sọ ohun tó fà á.

Mushin ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìsìnkú, wọ́n bá mi nílẹ̀ níbi tí mo ti ń sunkún, wọn ò sì padà sílé mọ́. Bàbá mi bá iṣẹ́ lọ sí òkè Ọya, a ò gbúròó wọn mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí ni mo mọ̀ ní ìyá, àwọn ni mo sì ń pè ní Màámi. Onídìrí ni wọ́n. Ìloro iwájú ilé ni wọ́n ti ń fi òwú dúdú kó irun fún àwọn obìnrin àdúgbò, wọn a ti òòyà bọ orí ara wọn, wọn a máa dá àpárá títí ẹni tí wọ́n ń kó irun fún á fi máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín mọ́. Ilà gọ̀ǹbọ́ mẹ́ta wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Èmi ò kọlà ní tèmi. Ọmọ Èkó ni mo pe ara mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Yábàá nígbà tí ọmọ kíláàsì mi kan mú mi lọ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya kọ́míìkì. Mọ́kànlá ni wá. Ilé kan ní Súrùlérè la ti ń pàdé, nínú pálọ̀ bàbá ẹni tó jẹ́ olótùú wa. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ó dàgbà ju àwa yòókù lọ, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa sì ń pè é. Lóṣù méjì-méjì, kálukú á mú ojú ìwé méjì tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà wá. A ó fi kálàmù onírin dà á kọ sórí stẹ́ńsù, ìyẹn bébà oní-ìda tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, a ó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fọwọ́ yí ní ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, a ó tẹ ẹ̀dà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, ó parí. A kì í tà á. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ rí i. Lójú ìwé tó kẹ́yìn ni a ti máa ń tẹ ohun tí oníkálukú sọ nípa iṣẹ́ ẹnì kejì, ibẹ̀ sì ni gbogbo wa kọ́kọ́ ń ṣí tí ìwé bá ti jáde.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ tíṣà ni wọ́n, ọmọ akọ̀wé ìjọba, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì. Dùrù wà nílé ẹlòmíì nínú wọn. Tí wọ́n bá bi mí pé níbo ni mò ń gbé, mo máa ń sọ pé, "Lẹ́yìn Ìdí-Àràbà lọ́hùn-ún," bí ẹni pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀ ni mò ń gbà délé. Mi ò dárúkọ Mushin àfi tí wọ́n bá há mi mọ́ ògiri.

Àwọn iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ mú lọ, mo dà wọ́n kọ ni. Mo ní kọ́míìkì òyìnbó méjì tí mo yá, mo tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé wọn lórí, mo tọ ojú ìlà wọn, mo wá pààrọ̀ orúkọ. Ẹnikẹ́ni ò bú mi. Lójú ìwé tó kẹ́yìn, Ẹ̀gbọ́n kọ pé, "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. A ti rí i níbòmíì." Nígbà tó ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ kọ nǹkan kan nípa mi. Ìgbà méjì ni mo ka ojú ìwé yẹn tí orúkọ mi kò sí níbẹ̀, ó sì dùn mí ju èébú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màámi lọ sí Yábàá lọ ra aṣọ tí wọn yóò fi lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Wọn kì í sábà kúrò ní Mushin. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò tíì tú gèlè, ẹ̀rín ti pa wọ́n débi pé wọn ò lè sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé, Màámi?"

"Mo kúnlẹ̀ kí ère ni!"

Wọ́n ní àwọn wọ ilé ìtajà ńlá kan, àwọn rí ìyá ọlọ́lá kan tó dúró ṣánṣán lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, tó wọ aṣọ olówó iyebíye. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n kí i. Kò dáhùn. Wọ́n rò pé ó ń bínú, wọ́n tún kí i, wọ́n bi í léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń tajà ló wá sọ fún wọn pé bèbí tí wọ́n fi ń polówó aṣọ ni.

"Mo bá ní kò burú," ni Màámi wí, wọ́n ń nu omi ojú. "Ìkíni kì í ṣòfò. Bó ṣe rí yẹn, ó sàn ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Kò bú mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo mú bébà, mo yà á. Mi ò tọ ojú ìlà ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi kàn ń lọ fúnra rẹ̀. Màámi rí mi tí mo tẹ orí ba, wọ́n rò pé iṣẹ́ ilé ìwé ni, wọ́n sì ní kí àwọn obìnrin tó wà ní ìloro rọra sọ̀rọ̀.

Ká ní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe yà á, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má le tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan nípa mi. Mo yọ ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ kẹ́yìn kúrò, nítorí pé ó gbọ́n jù. Mo fi ẹnu wọn gbàgàdà sílẹ̀. Mo sọ gọ̀ǹbọ́ mẹ́ta di mẹ́fà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fà á láti etí dé àgbọ̀n. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu wọn, mo kọ "sọ́ọ̀bù" dípò "ṣọ́ọ̀bù," torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé wa ṣe ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà sì ṣe ń pè é kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó fi ẹ̀rín bọ́ ọ kúrò lẹ́nu mi. Mo wá kọ àkọlé rẹ̀ gàdàgbà sókè: Màmá Ará Òkè.

Ìwé jáde. Mo ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú èyí tó tẹ̀ lé e, orúkọ mi ló kún ibẹ̀. "Ẹ̀rín pa mí nínú bọ́ọ̀sì!" "Níbo lo ti rí obìnrin yìí?" Ẹ̀gbọ́n alára kọ pé, "Ẹ wo ẹni tí a rò pé kò mọ̀ ju kó da nǹkan kọ lọ." Nígbà tí mo wọ pálọ̀ Súrùlérè lọ́jọ́ ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún mi ní àga.

"Ẹnì kan ní ilé wa ni," ni mo sọ fún wọn. "Ayálégbé kan."

Mo bá ń bá a lọ. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní kí ọkọ̀ kúrò lápá òsì kó máa gba apá ọ̀tún. Mo ya Màmá Ará Òkè ní oríta Costain, ó ń wo ọ̀tún, ọkọ̀ ń bọ̀ lósì, ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún. Mo yà á níbi tó ti ń bá tẹlifóònù jà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Màámi ló fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi, níbi tí a ti ń jẹun alẹ́, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kí n lè gbádùn. Mo máa ń bi wọ́n léèrè sí i. "Lẹ́yìn náà ńkọ́, Màámi?" Inú wọn máa ń dùn pé ọmọ tó kàwé ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Ní oṣù tí ìwé keje jáde, ibà dá mi dùbúlẹ̀, mi ò lè lọ sí ìpàdé. Ó mú mi fún ọjọ́ mẹ́fà. Màámi ò fi mí sílẹ̀. Wọ́n se àgbo, wọ́n fi aṣọ tútù nù mí lára, nígbà tí ara mi sì fẹ́ fúyẹ́, wọ́n tẹ́ ẹní fún mi ní ìloro kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi, kí wọ́n sì lè máa rí mi bí wọ́n ṣe ń kó irun. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo gbójú sókè, mo rí Ẹ̀gbọ́n àti àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń fo gọ́tà bọ̀ wá sílé wa. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìdí-Àràbà. Ó fi bí ọdún méjì jù mí, Àǹtí ni mo ń pè é. Ọmọ kíláàsì mi ló júwe ilé fún wọn. Wọ́n ra ọsàn wá kí mi, wọ́n sì mú ẹ̀dà ìwé tuntun lọ́wọ́ fún mi.

Wọn ò tíì kí mi tán tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà fi ìgúnpá gún èkejì. Ó ti rí Màámi. Ó ti rí gọ̀ǹbọ́.

Àǹtí kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú oòrùn!" Inú Màámi dùn débi pé wọ́n dìde tàwọn ti òòyà lórí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá wò ó. Ẹ̀yin ni ọ̀rẹ́ ọm..."

"Ará ilé wa ni wọ́n," ni mo yára sọ. "Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa. Wọ́n kàn ń bá mi wo ara mi ni, torí pé àwọn òbí mi ò sí nílé."

Mi ò mọ ibi tí okun ti wá. Láti àárọ̀ ni ohùn mi ò ti jáde.

Màámi wò mí. Òwú dúdú wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti wé e mọ́ ìka, wọn ò tú u. Obìnrin tí wọ́n ń kó irun fún yí ojú padà láti sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì rọra da orí rẹ̀ padà síwájú.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni wọ́n wí. "Ará ilé ni wá. Ará ilé ò ní máa wo ọmọ ọlọ́mọ kó dá àìsàn ṣe."

Wọ́n wọlé lọ gbé àga jáde fún wọn. Wọ́n bu omi tútù láti inú àmù, wọ́n gbé gúgúrú àti ẹ̀pà sínú àwo tí a kì í lò àfi lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bi wọ́n pé, "Màmá, aṣọ yín yìí mà dára o, níbo lẹ ti rà á?" Mo mọ ohun tó ń wá. Màámi ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ní sọ́ọ̀bù kan ní Yábàá ni." Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Màámi náà bá wọn rẹ́rìn-ín torí pé wọ́n fẹ́ràn kí àlejò máa rẹ́rìn-ín. Àǹtí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́bàá Màámi, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ títí wọ́n fi dìde láti máa lọ. Èmi dijú bí ẹni tó sùn. Nígbà tó yá, mo sùn lóòótọ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo jí. Àwọn àlejò ti lọ. Màámi jókòó tì mí, ìwé tuntun náà wà lórí itan wọn, ní ṣíṣí.

Màámi ò mọ̀wé kà. Kò wá sí mi lọ́kàn rí, ní gbogbo oṣù yẹn, pé kò sí ẹni tí kò lè ka àwòrán.

"Ta nìyí?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹnì kan lásán ni, Màámi."

"Ẹnì kan lásán." Wọ́n fi ìka tẹ ibi tí obìnrin inú ìwé náà ti ká aṣọ dé orúnkún. "Aṣọ mi ló ró. Bí mo ṣe máa ń wé gèlè ló wé e." Wọ́n gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, wọ́n ń ka iye nǹkan kan. "Mẹ́ta ni olóòlà kọ sí mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ló wà níbí. Ìwọ lo kọ mẹ́ta yòókù."

Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, wọ́n sì dìde lọ wo iná tí àgbo mi wà lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bu àgbo fún mi, wọ́n ní, "Ẹ gbà. Ẹ mu ún kó tó tutù."

Mo rò pé mo ṣì gbọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní, "Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé ẹ máa jẹ ẹ̀kọ?" Èmi tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń pè mí ní "ẹ," bí èèyàn ṣe ń pe àlejò tàbí àna. Wọn ò pariwo, wọn ò bú mi, wọ́n ń se oúnjẹ mi, wọ́n ń fọ aṣọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kí wọ́n la ẹnu. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbé korobá omi láti ẹnu ẹ̀rọ, mo fẹ́ ṣubú, wọ́n kígbe pé, "Rọra! O fẹ́ tún dá ara ẹ padà sórí ẹní ni?" Mo gbé korobá sílẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Èmi àti àwọn ò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Mo pinnu pé màá sọ òtítọ́ fún ẹgbẹ́. Bó ṣe jẹ́ pé àwòrán ni mo fi ṣẹ̀, àwòrán náà ni màá fi jẹ́wọ́. Mo ya ojú ìwé kan: ọmọkùnrin kan lórí ẹní, obìnrin kan pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, àwọn àlejò, àti ohun tí ọmọ náà sọ. Nísàlẹ̀ pátá mo kọ ọ́ pé, "Ìyá mi ni." Mẹ́ta-mẹ́ta ni mo fi gọ̀ǹbọ́ náà sí. Mi ò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé e lọ sí Súrùlérè. Mo tètè dé, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà ní pálọ̀, ó ń to stẹ́ńsù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì.

"Èyí ò pa mí lẹ́rìn-ín," ló wí. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ìtàn lásán ni àbí òótọ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Ó ń wò mí, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀, bóyá ì bá gbọ́ mi. Mo ní, "Ìtàn lásán ni, Ẹ̀gbọ́n. Tí kò bá dáa, ẹ yọ ọ́."

"Ká yọ ọ́. Màmá Ará Òkè gidi ni gbogbo wọn ń retí."

Ó dá a padà fún mi. Inú mi dùn. Ara mi fúyẹ́ bí ara ẹni tí wọ́n tú okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yẹn, ìdùnnú yẹn ni mo kórìíra jù.

Lẹ́yìn ìpàdé, Àǹtí tẹ̀ lé mi dé ibùdókọ̀.

"Mo mọ̀ pé ìyá ẹ ni," ló sọ, kò tilẹ̀ dúró kí a jókòó. "Lọ́jọ́ tí a wá, wọ́n bi mí ní ìbéèrè nípa ibà. Wọ́n ní ìgbà mẹ́rin ni gìrì mú ẹ ní kékeré, ṣé irú ibà yìí ò ní mú un padà wá. Ayálégbé wo ló máa mọ iye ìgbà tí gìrì mú ọmọ?"

"Ṣé ẹ máa sọ fún wọn, Àǹtí?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ohun tó jẹ ẹ́ lógún nìyẹn?" Ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó wọlé. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa iṣẹ́ mi mọ́ lójú ìwé tó kẹ́yìn, kò pẹ́ sí i ni kò wá sí ìpàdé mọ́.

N kò dáwọ́ dúró. Mo tún ya Màmá Ará Òkè lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa ilà rẹ́ kúrò lójú rẹ̀, mo yí ìwérí rẹ̀ padà, mo sọ fún ara mi pé ẹlòmíì ni báyìí. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀gbọ́n rí ìwé gbà lọ sí òkè òkun, ẹgbẹ́ náà sì tú ká.

Ojú Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, wọn ò rí òwú mọ́, wọ́n bá padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ìròyìn kan ti gbà mí síṣẹ́ nígbà náà, tí mo ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún wọn. Lọ́dún Kérésìmesì kan, bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ Sátidé yẹn, mo lọ kí wọn. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀, mo ní, "Màámi, ẹ forí jì mí nítorí àwọn àwòrán yẹn, àti nítorí ohun tí mo sọ lójú àwọn àlejò."

"Àwòrán yẹn," ni wọ́n wí. "Ìwọ ni mo sọ ọ̀rọ̀ ère yẹn fún. Mi ò sọ ọ́ fún àwọn yẹn." Wọ́n ní, "Dìde. Ó ti lọ."

Mo dìde. Wọ́n wá bi mí, ohùn wọn sì rọ̀ bí ẹni tó ti ń fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ ọ̀hún tipẹ́: "Ṣé o padà sọ fún wọn? Pé èmi ni mo tọ́ ẹ?"

Mo wo ojú wọn tí kò ríran dáadáa mọ́. "Mo sọ, mà."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín."

"Mo mọ̀ pé o máa sọ." Inú wọn dùn gan-an. "Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Ọmọ nọ́ọ̀sì yẹn pàápàá." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí mi kàn, wọ́n gbé e lé e, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ò ní bàjẹ́, pé òtítọ́ tí mo sọ yẹn yóò máa ṣí ọ̀nà fún mi. Wọ́n ń wúre, mo ń ṣe àmín.